Gbèsè Tó Wà Nínú Ọkàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Dídárí Ji Ẹni Tó Ṣẹ̀ Wá

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ará máa ń gbé wá bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn nínú ìjọ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ìsìn, lórí fóònù, nígbà míì ní agogo mọ́kànlá òru. A dáhùn wọn bí wọ́n ṣe ń bèèrè wọn. Bí ẹnì kan bá ń nà yín tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ fo àwọn yòókù ná, kí ẹ lọ tààrà síbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ tó ń luni.

Kí ni à ń pè ní ìdáríjì gan-an?

Nínú Àdúrà Olúwa, ẹnu wa ti mọ́ "dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá." Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí Mátíù 6:12, ẹ ó rí i pé gbèsè ló wà níbẹ̀: "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa." Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yéni. Ẹni tó ṣẹ̀ yín gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ orúkọ rere, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá tí ẹ fi sin ín. Ó jẹ yín. Ìdáríjì ni pé ẹ̀yin tí wọ́n jẹ ní gbèsè pinnu níwájú Ọlọ́run pé ẹ ò ní fi ìkórìíra, èpè, ìbanijẹ́ tàbí ẹ̀san gbà á lára onígbèsè náà mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìyẹn. Kò sí níbẹ̀ pé kò dùn yín. Kò sí níbẹ̀ pé ẹni náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, kí ni a fẹ́ fagi lé fún un? Kò sì sí níbẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ tún fọkàn tán an lọ́la. Ẹni tó fagi lé gbèsè àtijọ́ kò tíì ṣèlérí pé òun máa yá onígbèsè náà ní owó míì. Ohun méjì ni wọ́n, àìmọ̀yàtọ̀ wọn ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù ìdáríjì, torí wọ́n rò pé tí àwọn bá ti dárí jì, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí padà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé bí mi ò bá dárí jì, Ọlọ́run ò ní dárí jì mí?

Jésù sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, nínú Mátíù 6:14-15, ó sì tún un sọ nínú Máàkù 11:25. A ò lè fi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nínú Mátíù 18, torí pé àwọn kan ń fi ẹsẹ yìí na ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù bí ẹni fi pàṣán nani.

Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà ni dínárì kan, tálẹ́ńtì kan sì tó 6,000 dínárì. Ká ní lébìrà tó ń po kọnkéré níbí ń gba ₦6,000 lójúmọ́. Gbèsè ìránṣẹ́ yẹn á jẹ́ ₦360 bílíọ̀nù. Ọba fagi lé e. Ìránṣẹ́ yìí jáde, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì, ó sì fún un lọ́rùn. Lójú ìṣirò tiwa, 100 dínárì yẹn jẹ́ ₦600,000.

Àwọn oníwàásù máa ń sáré sọ pé gbèsè kejì kò tó nǹkan. Kì í ṣe òótọ́. ₦600,000 lọ́wọ́ lébìrà jẹ́ owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó lè jẹ́ owó ilé. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ. Jésù kò pe ohun tí wọ́n ṣe sí yín ní kékeré. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n ti dárí bílíọ̀nù jì ní ibi tó ti lè mú agbára tí yóò fi dárí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta jì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ìdáríjì ń le fún yín, ẹ má kọ́kọ́ na ara yín. Ẹ lọ jókòó ti gbèsè àkọ́kọ́ ná, tiyín pẹ̀lú Ọlọ́run, kí ẹ ka ohun tí wọ́n ti fagi lé fún yín.

Ẹni náà kò tọrọ àforíjì rí. Ṣé kí n dúró dè é?

Lúùkù 17:3 ní bí arákùnrin rẹ bá ronú pìwà dà, kí o dárí jì í. Máàkù 11:25 ní nígbà tí ẹ bá dúró tí ẹ ń gbàdúrà, kí ẹ dárí jì, kò sì sọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà kankan. Ẹsẹ méjèèjì kò ta kora wọn. Fífagi lé gbèsè nínú ọkàn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ìlàjà ló ń fẹ́ ẹni méjì, ìlàjà ló sì ń dúró de ìrònúpìwàdà. Ẹni tó bá ní òun ò ní dárí jì àfi kí ẹni náà wá kúnlẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ àlàáfíà tirẹ̀ sápò ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn sì lè ti gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ kankan wà lápò òun. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo ti sọ pé mo dárí jì í lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló dé tó tún ń dùn mí?

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni pé gbólóhùn tí ẹ sọ gbòòrò jù. Olùṣọ́-àgùntàn ní kí gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n wí pé, "Mo dárí ji gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ mí." Ẹ sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tó lè fagi lé gbèsè tí kò ka iye rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan kékeré kan rán yín létí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí ẹ kò dárúkọ rí, ó sì rí bíi pé ẹ ò ṣe nǹkankan lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tí a máa ń ní kí ènìyàn ṣe rèé. Ẹ mú ìwé àti bírò. Kì í ṣe fóònù, torí fóònù á máa dún. Òwúrọ̀ Sátidé dáa. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, torí oorun ò ní wá. Ogójì ìṣẹ́jú tó. Ẹni kan ṣoṣo àti ìwà kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tó wúwo jù nínú ayé yín. Ẹni tó ń kọ́ ẹrù gbígbé kì í kọ́kọ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ fa ìlà méjì kí ojú ìwé náà pín sí mẹ́ta.

Lápá òsì, ẹ kọ ohun tó ṣe, bí ẹni tó ń jẹ́rìí níwájú adájọ́. "Ó burú sí mi" kò tó. "Lọ́jọ́ ìkómọ, níwájú àwọn àna mi, ó ní wọn ì bá má fẹ́ mi ká ní wọ́n mọ ilé tí mo ti wá." Ìyẹn ni ohun tó ṣe. Láàárín, ẹ kọ ohun tí ìwà náà gbà lọ́wọ́ yín: bóyá láti ọjọ́ yẹn ẹ ò lè jókòó láàárín àwọn àna yín kí ara yín balẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹ ti ń retí lọ́wọ́ ẹni náà láti ìgbà yẹn.

Apá ọ̀tún yìí ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn kan máa rí i pé àwọn ń retí kí ó tọrọ gáfárà níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn tọ́, a lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn míì máa rí i pé àwọn ń retí kí ìyá àwọn sọ pé, "Ìwọ lo tọ́," ìyá náà sì ti kú. Ọlọ́run nìkan ló lè wo ìyẹn sàn. Àwọn míì á rí i pé ohun tí àwọn ń retí ni kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kógbá sílé. Ẹ má sá fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ kò kọ sílẹ̀ ni ẹ kò ní lè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú ìwé náà sókè sí Ọlọ́run, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni náà: "Olúwa, lágbájá gba ìfọ̀kànbalẹ̀ mi láàárín àna mi. Ó jẹ mí. Mo fà á lé Ọ lọ́wọ́. Mi ò ní gbà á lára rẹ̀ mọ́." Ẹ kọ déètì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ìlà kan tí ẹnu yín kọ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹ fi àmì síbẹ̀, ẹ wí pé, "Olúwa, mi ò tíì lè, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí n lè," kí ẹ padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àdúrà gidi ni. Bàbá ọmọ inú Máàkù 9:24 gbàdúrà tó jọ ọ́, Jésù sì dá a lóhùn.

Àwọn kan máa ń fẹ́ dáná sun ìwé náà. A ò ní kí ẹ má sun ún, ṣùgbọ́n ojú ìwé yẹn nìkan ni o. Ẹ má fi rìsíìtì, ìwé ilé ìwòsàn tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè ṣe ẹ̀rí sí i. Ìdáríjì kò nílò kí ẹ pa ẹ̀rí run.

Nǹkan kejì tó ń mú kó tún máa dunni ni pé ara ní ìrántí tirẹ̀. Ẹ ń lọ jẹ́jẹ́ yín ní ọjà Bódìjà, ẹ dúró níwájú alátà, ẹ gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn tó jọ tirẹ̀. Kí ẹ tó yíjú, àyà yín ti já. Ọwọ́ tí ẹ fi di náírà mú ń gbọ̀n. Alátà ń bi yín pé, "Mọ́mì, tàtàṣé mélòó ni kí n fi sí i?" ẹ ò gbọ́. Ẹ yíjú: ẹlòmíì ni. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdáríjì yín kò múnádóko. Ọgbẹ́ tó ti san náà a máa dunni bí nǹkan bá gbá a. Ohun tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ kò ju pé kí ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ rántí déètì tó wà nísàlẹ̀ ìwé, kí ẹ wí nínú pé, "Mo ti fagi lé e," kí ẹ sì ra ata yín. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóṣù, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí Jésù ní kí Pétérù dárí jì nígbà àádọ́rin lọ́nà méje, kò sí ohun tó ní kì í ṣe gbèsè kan náà ni a ó máa tún fagi lé.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ ò lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oúnjẹ kò wọlé, tàbí tí èrò pé kí ẹ kú ń wá sọ́kàn yín, ẹ lọ rí dókítà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìnígbàgbọ́ ni.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Ẹni ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí wọ́n tà á ní ogún owó fàdákà. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Lẹ́yìn ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méjì ìyàn ló tó fi ara rẹ̀ han àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún 22 gbáko lẹ́yìn kànga yẹn. Kò sì fara hàn lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ dán wọn wò, ó dá Síméónì dúró, ó fi ife sínú àpò Bẹ́ńjámínì, títí ó fi rí i pé Júdà tó dábàá kí wọ́n tà á ti di ẹni tó lè fi ara rẹ̀ dípò àbúrò rẹ̀. Gbólóhùn tó wá sọ ni pé, "Èmi ni Jósẹ́fù, arákùnrin yín tí ẹ tà sí Íjíbítì." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: "tí ẹ tà." Kò gbàgbé, ó dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe, ó sì ń sunkún mọ́ wọn lọ́rùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé ni Jẹ́nẹ́sísì 50. Jékọ́bù gbé ọdún 17 ní Íjíbítì kó tó kú, ìgbà tó kú làwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé Jósẹ́fù á gbẹ̀san. Ọdún 17 ni wọ́n fi jẹun rẹ̀ láìgbà gbọ́ pé ó ti tán. Nítorí náà, bí ẹ bá dárí ji ẹnì kan tọkàntọkàn tí ojú rẹ̀ kò tíì lè wo tiyín, ẹ má rò pé ẹ̀bi yín ni.

Ọkọ mi ń lù mí. Wọ́n ní ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́, kí n dárí jì í kí n sì padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wí?

Rárá. Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì 24 àti 26. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dáfídì ní àǹfààní láti pa Sọ́ọ̀lù tó ń wá ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a sí, ó tilẹ̀ pè é ní bàbá òun. Sọ́ọ̀lù sunkún, ó ní òun ti ṣẹ̀, ó ní kí Dáfídì ọmọ òun padà wá. Dáfídì kò padà. Ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá, kò gbé e lọ fún un. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lọ́dọ̀ ọba rékọjá wá gbà á. Ó dárí jì í, ó sì dúró níbi tí ọ̀kọ̀ kò ti lè bà á. Ọlọ́run kò bá a wí lórí ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò nílé, ẹ má kéde rẹ̀. Àkókò tí obìnrin bá fẹ́ lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ẹ fi báàgì kékeré kan pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán: ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì báǹkì, ìwé NIN, oògùn tí ẹ ń lò, aṣọ méjì, owó ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni náà, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí fóònù yín. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615, ọ̀fẹ́ sì ni pípè é.

Ní ti pípadà, omijé kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni kí ó gbà láìsí àwáwí pé òun ló ṣe é, kí ó máa lọ fún ìmọ̀ràn, kí ó jáwọ́ nínú ọtí bí ọtí bá wà níbẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ sì máa mójú tó o. Lójú tiwa, oṣù mẹ́fà ni ó kéré jù. Olùṣọ́-àgùntàn tó bá ní kí obìnrin padà lọ́jọ́ kẹta ti fi ìdáríjì ṣe pańpẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fipá bá lò pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí rárá, ẹni yòówù kó ṣe é. Ẹ má wẹ̀ fún ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ fi ìwé wé aṣọ náà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá a máa ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì jẹ́ ti ọmọ náà, lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tó o sọ. Kò sí àgbàlagbà tó lè bá a dárí jì.

Ṣé onígbàgbọ́ tó ti dárí jì ṣì lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù?

Ìwà ọ̀daràn wà lábẹ́ Róòmù 13:4, ìjọba ló ni í. Èyí tó wà nínú 1 Kọ́ríńtì 6 ni aáwọ̀ láàárín ará lórí ohun ìní, Pọ́ọ̀lù sì fẹ́ kí ìjọ kọ́kọ́ wá ọlọ́gbọ́n tó lè dá a. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, olórí ẹbí, kó tó dé kóòtù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, bí ìwé bá wà tí àwọn ẹlẹ́rìí sì pé. Òwe tó ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́ ń kìlọ̀ fún wa, kò ní ká gba ìrẹ́jẹ. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ pe ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Késárì. Ẹ bi ara yín pé: bí adájọ́ bá fún mi ní ẹ̀tọ́ mi lọ́la, ṣé ó máa tó mi, àbí mo ṣì máa fẹ́ kí ó jìyà sí i?

Ó gba ₦450,000 lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dárí jì í, ṣé owó náà ti lọ nìyẹn?

Gbèsè méjì ló wà níbẹ̀. Ìjàǹbá tó ṣe sí ọkàn yín jẹ́ ọ̀kan, owó jẹ́ ìkejì. Ẹ lè fagi lé ti àkọ́kọ́ kí ẹ sì béèrè ìkejì. Sákéù ní òun máa dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, Jésù kò sì sọ fún un pé kó má ṣe ìyọnu. Alájọ tó sá lọ, ọ̀rẹ́ tó yá owó ọjà: ẹ jókòó, ẹ kọ iye rẹ̀, ẹ pín in sí ohun tí ó lè san. ₦30,000 lóṣù fún oṣù 15 máa tán ₦450,000. Kí ẹni méjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan. Ohun tó máa ń ba irú àdéhùn yìí jẹ́ ni pé a máa ń fi ìbínú gbé iye tó ga jù lé e. Á san ẹ̀ẹ̀kan, á sì sá. Bí ẹ bá pinnu láti fi owó náà jì í pátápátá, ẹ sọ ọ́ kedere kí ẹ má sì mẹ́nu kàn án mọ́. Ẹ má fi jì í lójú, kí ẹ máa gbà á padà lẹ́nu.

Ó ní "ẹ má bínú." Ṣé ó ti tó?

Ẹ wo gbólóhùn náà. "Ẹ má bínú" ń sọ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe, kò sọ ohun tí òun ṣe. "Pẹ̀lẹ́" náà, ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ni à ń kí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ kò sí nínú wọn. Ìjẹ́wọ́ ni "mo jẹ̀bi," pẹ̀lú orúkọ ohun tó ṣe, láìfi "bí mo bá ṣẹ̀ yín" sí i, pẹ̀lú bí ó ṣe máa tún un ṣe. Ẹ lè fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí pé ẹ ṣe?"

Bí ó bá jẹ́ òbí tàbí àgbà ńkọ́? Àṣà wa kò kọ́ bàbá láti sọ fún ọmọ pé òun jẹ̀bi. Ohun tí ẹ máa rí ni pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí kò pè, ó pè láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fi oríkì bẹ̀rẹ̀: "Àjàní, ṣé o ti jẹun?" Tàbí kí ó rán iṣu márùn-ún sí yín láìsọ nǹkankan. Ohun tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn. Ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tóbi, ẹ ṣì lè kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ sọ pé, "Bàbá mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn dùn mí, mo sì fẹ́ ká sọ ọ́." Ọ̀wọ̀ àti òótọ́ lè jọ wà lórí ìkúnlẹ̀ kan náà.

Bí wọ́n bá kó àwọn àgbà wá bẹ̀ yín, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní èsì lójú ẹsẹ̀. "Mo ti gbọ́, mo dúpẹ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan" kì í ṣe ìwà ìgbéraga. Mátíù 18:16 ní ẹnì kan tàbí méjì. Ilé tí ènìyàn mẹ́rìnlá kún tí gbogbo wọn ń wí pé "ṣá gbà" kì í ṣe ibi ìlàjà.

Ṣé mo lè gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá mi jà?

Sáàmù 35, 55 àti 109 wà nínú Bíbélì, Dáfídì kò sì fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́ fún Ọlọ́run. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lára yín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín fífi ẹjọ́ lé adájọ́ lọ́wọ́ àti rírán adájọ́ níṣẹ́. Róòmù 12:19 ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú Ọlọ́run, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ní kí a fún ọ̀tá ní oúnjẹ bí ebi bá ń pa á. Ẹni tó lọ sórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó kú, tó wá sọ̀ kalẹ̀ pé òun ti dárí jì í, orúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn ló gbé gùn, òun náà ló gbé sọ̀. Bí àdúrà ìbùkún kò bá tíì lè jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: "Olúwa, jẹ́ kí ó sùn dáadáa lálẹ́ yìí."

A jọ ń jọ́sìn ní ìjọ kan náà. Mo lè gba oúnjẹ Olúwa?

Ẹ fojú inú wò ó: àlùfáà ní kí a kí ara wa ní àlàáfíà, ẹ rí i níwájú tó ń yíjú bọ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìwé orin. Ẹ ò nílò láti dì mọ́ ọn. Ẹ na ọwọ́, ẹ wí pé "àlàáfíà," ó tó.

Mátíù 5:23-24 tí wọ́n máa ń fi lé ènìyàn kúrò nídìí tábìlì ni ẹ tún kà. Ó ní bí o bá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bá wí pé kó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ kó lọ làjà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Mátíù 18:15 rán ní tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ràn, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti máa pàdé. Bí ẹ bá ti lọ tí kò gbọ́, ẹ wá sídìí tábìlì.

Ẹni tó ṣẹ̀ mí ti kú.

Ẹ ṣì lè lo ojú ìwé alápá mẹ́ta yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ kà á sókè níwájú ẹnì kan tó lè pa àṣírí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí "a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa" pa yín lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni pé kí gbèsè náà má sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìsíkíẹ́lì 18:20 ní ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Ọmọ ìyàwó kejì kọ́ ló lé ìyá yín jáde.

Ṣé mo nílò láti dárí ji ara mi?

Bíbélì kò lo gbólóhùn yẹn. Ohun tí 1 Jòhánù 1:9 sọ ni pé: ẹ jẹ́wọ́, Òun á dárí jì. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ ṣẹ̀, ẹ lọ bá a.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ẹni náà pé mo ti dárí jì í?

Bí ó bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá béèrè, tí kò sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí i lójijì pé, "Mo ti dárí jì ọ́." Ẹ̀sùn ló máa gbọ́, ìjà tuntun ló sì máa tibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣẹ̀ yín, ẹ lọ bá a lójúkojú, òun nìkan, kí ẹ sọ ohun tó ṣe kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Bí ó bá wá tọrọ àforíjì, ẹ má dáhùn pé "kò sí nǹkankan." Nǹkan wà níbẹ̀, òun náà sì mọ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀: "Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ ìkómọ yẹn dùn mí. Mo ti dárí rẹ̀ jì yín."